TraffickCam: Áàpù tó ń fi fọ́tò yàrá hòtẹ́ẹ̀lì wá àwọn tí wọ́n ń fi ṣòwò aṣẹ́wó

Ẹni tó ń fi ọmọbìnrin ṣòwò aṣẹ́wó lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ kó tó polówó rẹ̀. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti ń ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò yìí. Ọmọ náà lè má mọ orúkọ ibi tó wà, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, wọ́n lè ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì, pákó orí bẹ́ẹ̀dì àti àwòrán ara ògiri ti wọ inú fọ́tò náà. Orí ohun tí afiniṣòwò kò rántí bò yìí ni wọ́n gbé TraffickCam kà.

Ọdún 2016 ni áàpù náà jáde ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Exchange Initiative, àjọ kan tó ń gbógun ti ìfiniṣòwò aṣẹ́wó, ló gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí Abby Stylianou àti Robert Pless wà lára wọn. Arìnrìn-àjò lásán ni wọ́n ṣe é fún, iṣẹ́ tó sì ń bẹ ẹ pé kó ṣe kò ju ti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti wọ yàrá, ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ ṣí áàpù náà, ẹ yan hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ wà, ẹ tẹ nọ́ńbà yàrá, kí ẹ wá ya fọ́tò mẹ́rin. Ohun tí a lè gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ ya àkọ́kọ́ láti ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo yàrá lè hàn. Ẹ ya bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú pákó orí rẹ̀ àti iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fèrèsé pẹ̀lú kọ́tìnì, kí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ náà wọlé. Ẹ fi balùwẹ̀ kádìí. Ẹ má jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún dígí, nítorí ibẹ̀ ni òjìji ayàwòrán ti máa ń yọjú. Àpótí tí ẹ bá ti ṣí sílẹ̀ á bo kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ẹ̀rọ fi ń dá yàrá mọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí fọ́tò wọn rẹwà. Wọ́n á tan gbogbo iná, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Fọ́tò aláràbarà bẹ́ẹ̀ ti kún ojú ìwé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò rí bẹ́ẹ̀: ó ṣókùnkùn, ó wọ́, ara ènìyàn sì ti bo ìdajì rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà láìṣe àṣehàn ló jọ ọ́ jù, òun ló sì wúlò jù.

Nígbà tí aṣèwádìí bá fẹ́ wá yàrá kan, yóò kọ́kọ́ pa ọmọ náà rẹ́ kúrò nínú fọ́tò, kó má baà jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n tún ń gbé kiri. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ̀rọ ń fi wé àkójọ rẹ̀, kó tó to àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó jọ ọ́ jù sílẹ̀. Àwọn aṣèwádìí ní National Center for Missing & Exploited Children, àjọ Amẹ́ríkà tó ń wá àwọn ọmọ tó sọnù àti àwọn tí wọ́n ń lò nílòkulò, ń lò ó. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ náà gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní Hotels-50K: fọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù 1 láti hòtẹ́ẹ̀lì 50,000. Ojú ìwé àwọn tó ń gba yàrá fún arìnrìn-àjò ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ṣe pàtàkì.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń fi kápẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì kan náà sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ka, ẹ̀rọ á mọ ilé-iṣẹ́ náà láìmọ ẹ̀ka wo ni. Ibẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tàbí ohun tí ẹ rí lójú fèrèsé, ti ń yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń tún yàrá ṣe. Nítorí náà ẹ má sọ pé ẹnìkan á ti fi ránṣẹ́ rí. Fọ́tò àtijọ́ àti tuntun ni wọ́n nílò. Ní ti ilé àdáni tí wọ́n ń fi háyà fúnni, áàpù náà kò lè ran àwọn aṣèwádìí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Áàpù yìí kì í ṣe ohun èlò fún pàjáwìrì. Bí ẹ bá rí ẹni tó wà nínú ewu ní Amẹ́ríkà, 911 ni kí ẹ pè, tàbí ìlà ìrànwọ́ orílẹ̀-èdè, 1-888-373-7888. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tí ẹ fura sí, ẹ má kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Afiniṣòwò tó bá mọ̀ pé wọ́n ti rí òun, ọmọbìnrin náà ni yóò fi jìyà.

Ohun tí a mọrírì jù nínú rẹ̀ ni àǹfààní tó lè ṣe fún ẹni tó ti bọ́. Ìpayà máa ń fọ́ ìrántí sí wẹ́wẹ́, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ á bi í ní ọjọ́ àti ibi. Bí yàrá inú fọ́tò bá ti ní orúkọ, a lè wá àkọsílẹ̀ ẹni tó gbà á àti ẹni tó sanwó, ẹrù ẹ̀rí kò sì ní wà lórí rẹ̀ nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ni ọlọ́pàá ti mú rí fún ẹ̀sùn aṣẹ́wó, àkọsílẹ̀ yẹn ló sì ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ilé. Láti ọdún 2010 ni òfin New York ti fún wọn láyè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kó fagi lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìfiniṣòwò ló kó àwọn sí i. Ẹ̀rí ibi tí wọ́n fi wọ́n sí á gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n áàpù kò ní ibùsùn, kò ní dókítà, kò ní agbẹjọ́rò. Bí ọlọ́pàá bá rí ọmọ náà tán, tí kò sí ilé ààbò tó ń dúró dè é ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ló lè padà sí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ yàrá tí òun wà lè kó ẹrù rẹ̀ tán, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, kó wá ya fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.