Kọ́kọ́rọ́ dà, ìbọ̀sẹ̀ dà: èwo lẹ máa rà nínú àwọn ìwé àwòrán tó ń wá nǹkan tó sọnù nílé?

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ̀ẹ́ ti mọ̀ pé kò sóhun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó kí àgbàlagbà máa wá nǹkan tó wà níwájú ẹ̀. Ẹ ti gbé jígí ojú sórí, ẹ wá ń tú gbogbo ilé, ẹ ń bínú, ọmọ kàn jókòó síbẹ̀ ó ń wò yín, kò ní sọ. Orí ẹ̀rín yẹn ni wọ́n kọ́ àwọn ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí lé: ìwé àwòrán tí ẹnì kan ti ń wá kọ́kọ́rọ́, ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, ṣíbí, rìmóòtù, tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì ní ráìmù, ìyẹn ni pé ìparí ìlà kan àti ìparí ìlà tó tẹ̀ lé e á máa dún bákan náà.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé téèyàn bá ní òun fẹ́ ra irú ẹ̀, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa bá pàdé, gbogbo wọn ló sì máa kọ ọ́ sára pé ẹ wá a rí. Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òmíì wù mí, òmíì mo kábàámọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ tó náwó.

Oníráìmù

Èyí lààyò mi, mi ò ní purọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ìlà kìíní á sọ nǹkan tó sọnù, ìlà kejì á sọ ibi tá a máa wò, ìró tó parí ti àkọ́kọ́ ló máa fa ti èkejì jáde. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ìlà kìíní parí sí "sock", ọmọ tó ti gbọ́ irú ẹ̀ rí ti mọ̀ pé "clock" ló ń bọ̀, ojú ẹ̀ á ti sáré dé ibi aago ara ògiri kẹ́ ẹ tó kà á débẹ̀, á sì rí àtàǹpàkò ìbọ̀sẹ̀ kan tó yọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn aago. Ṣẹ́ ẹ rí i, ráìmù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Ìwé tó bá mọ èyí ṣe, ẹ rà á. Èyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ń lọ sọ́tùn-ún tí àwòrán ẹ̀ ń lọ sósì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni Each Peach Pear Plum tí Janet àti Allan Ahlberg ṣe ní 1978. Àwọn èèyàn inú ìtàn ọmọdé lẹ máa wá níbẹ̀ o, kì í ṣe ṣíbí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlà kúkúrú àti àwòrán ṣe ń ti ara wọn lẹ́yìn, ẹ wo ibẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń sọnù sábẹ́ àga lẹ fẹ́, I Spy tó jáde ní 1992 ló sún mọ́ ọn jù. Jean Marzollo ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, Walter Wick ló ya fọ́tò ẹ̀. Fọ́tò gidi ni, ó kún fún ohun ìṣeré àti pàǹtípàńtí oríṣiríṣi, ráìmù ló ń ka orúkọ ohun tẹ́ ẹ máa wá. Kò ní ìtàn sha. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan nù, kò sẹ́ni tó ń sunkún, ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Dádì padà rí kọ́kọ́rọ́ kó tó pẹ́ ibi iṣẹ́ ò ní rí ìyẹn níbẹ̀.

Ráìmù ò sì jẹ́ eré lásán. Ní 1983 àwọn olùṣèwádìí méjì, Lynette Bradley àti Peter Bryant, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Nature, ìyẹn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5 tí etí wọn tètè ń gbá ọ̀rọ̀ tó dún jọra mú ló máa ń mọ̀wé kà dáadáa tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ráìmù burúkú pọ̀ jù ìwé ráìmù gidi lọ. Ẹ máa rí èyí tí nǹkan tó sọnù nínú ẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ yín ò gbọ́ rí láyé ẹ̀, ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi sọ ọ́ nù ni pé orúkọ ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn dọ́gba. Ẹ máa rí èyí tí ìlà kan kúrú tí èkejì gùn bí ìrìnàjò, ahọ́n yín á máa kọsẹ̀. Torí náà ẹ ká ojú ìwé méjì sókè kẹ́ ẹ tó rà á, kódà kí àwọn èèyàn máa wò yín, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kejì. Tẹ́ ẹ bá lè méfò ẹ̀ látara ìró àti àwòrán, ọmọ náà á lè ṣe é tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán kí wọ́n fi ojú ìwé méjì inú hàn yín. Ẹni tó bá fi kọ́bà nìkan polówó ìwé ọmọdé, mi ò kí ń dá a lóhùn.

Onílẹ̀kùn

Èmi ni mo fún un lórúkọ yìí, torí bébà kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ìwé, tí ọmọ máa ń ṣí bí ilẹ̀kùn wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Where's Spot? tí Eric Hill ṣe ní 1980 ni gbogbo ayé mọ̀ jù: ìyá ajá ń wá ọmọ ẹ̀ tí ò tíì jẹun, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú aago ńlá, inú dùùrù, abẹ́ àtẹ̀gùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹranko mìíì ló sì ń bá níbẹ̀. Kò ní ráìmù rárá. Ìdáhùn ẹranko kọ̀ọ̀kan kàn ni pé rárá, ọmọ ọdún kan àbọ̀ á sì máa bá wọn pariwo rárá yẹn títí tí etí yín á fi fẹ́ di.

Tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníráìmù, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbí, etí ló ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Fún ọmọ tí ò tíì sọ̀rọ̀ já gaara, onílẹ̀kùn borí, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun méjì. Àkọ́kọ́, bébà yẹn máa ya, kò sí bó ṣe lè pẹ́ tó, tó bá sì ti ya tán, gbogbo ohun tó sọnù ti wà ní gbangba nìyẹn, kí lẹ tún fẹ́ wá? Èkejì, kẹ́ ẹ má retí pé á kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Medha Tare, Judy DeLoache àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2010 nípa ìwé tí àwòrán inú ẹ̀ máa ń dìde dúró téèyàn bá ṣí i, àwọn ọmọ tí wọ́n fi àwòrán lásán kọ́ mọ nǹkan ju àwọn tí wọ́n fi aláàrà yẹn kọ́ lọ. Kì í ṣe bébà ṣíṣí gan-an ni wọ́n fi dán an wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí nílé ò jìnnà sí i: bí ọmọ ṣe máa ṣí bébà ló gbà á lọ́kàn, kò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà.

Elérò

Èyí ni àwòrán tí nǹkan pọ̀ nínú ẹ̀ bí èrò ọjà. Where's Wally? ti Martin Handford, 1987, ló gbajúmọ̀ jù, Waldo ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe nǹkan ilé náà wà, yàrá kan tó rí wúruwùru, kí ọmọ wá kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá jáde níbẹ̀.

Ó dáa fún ọmọ ọdún 5 lọ sókè àti fún òbí tó ti rẹ̀ tó fẹ́ dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìṣòro ẹ̀ ni pé tó bá ti rí i tán, ó ti tán. Oníráìmù, ọmọ ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì fẹ́ gbọ́ ọ torí orin ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Àtúnkà yẹn sì lérè, Jessica Horst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 2011 pé àwọn ọmọ ọdún 3 tí wọ́n ń ka ìwé kan náà fún léraléra mọ ọ̀rọ̀ tuntun inú ẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ń ka oríṣiríṣi fún lọ.

Ẹ má ra elérò ní àlòkù láì ṣí i o. Mo ra ọ̀kan tó mọ́ tónítóní lóde, mo délé, ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín ti fi báírò yí gbogbo ohun tó yẹ ká wá po, látojú ìwé kìíní dé ìgbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi parí ìwé.

Tẹ́ ẹ bá máa fi Yorùbá kà á

Níbí ni oníráìmù ti máa já yín kulẹ̀ tẹ́ ò bá ṣọ́ra. "Sock" àti "clock" di ìbọ̀sẹ̀ àti aago, ráìmù ti kú, kò sí ohun tó tún ń tọ́ka sí aago mọ́. Ewì Yorùbá ò gbé ara ẹ̀ lé ìparí ìlà bẹ́ẹ̀, àtúnsọ àti ohùn òkè òhun ìsàlẹ̀ ló ń gbé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa túmọ̀ ọ́ lórí ìjókòó, ẹ wá ìwé tí ìbéèrè kan náà ń padà wá lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì da tiyín lé e. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí:

Ìbọ̀sẹ̀ dà? Ó bá ẹsẹ̀ lọ.
Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó bá ilẹ̀kùn lọ.
Ṣíbí dà? Ó bá ẹnu lọ.
Jígí Dádì dà? Ó wà lórí Dádì, Dádì ń wá jígí!

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ á bá yín gbe "lọ" yẹn. Ìlà kẹrin tó yàtọ̀ sí wọn yẹn ló máa ń jẹ́ kó já sẹ́rìn-ín. Ìwé Yorùbá tí wọ́n ti kọ ní Yorùbá látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìṣeré yìí, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má dúná dúrà jù.

Bébà àti ibi tí wọ́n ti rán an

Ìwé páálí ni fún ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu. Ojú ìwé ẹ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń gé ìlà kúrò nínú ìwé ńlá kí wọ́n tó lè rọ́ ọ wọ páálí, ẹ wò ó bóyá ráìmù ò ṣẹ́kù ní ẹsẹ̀ kan. Ìwé bébà lásán máa ń jẹ́ ojú ìwé 32 lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe ń tẹ bébà ńlá kan tí wọ́n á wá ká a, tí wọ́n á gé e, ló fà á.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í wò ni àárín, ibi tí wọ́n ti rán an tàbí lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nínú ìwé elẹ́yìn rírọ̀ tó nípọn díẹ̀, àárín yẹn máa ń gbé nǹkan mì. A wá ìfọyín kan nínú ọ̀kan báyìí fún ọjọ́ mẹ́ta, àfìgbà tí mo tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ tó ń dún ràkàràkà ni orí ìfọyín yọ. Ti orí fóònù ò ní wàhálà yìí, ẹ lè fà á tóbi, ṣùgbọ́n ó máa ń gé àwòrán olójú méjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ á wà níbì kan, ẹni tó ń wá a á wà níbòmíì, àpárá ti bàjẹ́.

Àwọn kan máa ń so kọ́kọ́rọ́ oníke tàbí ṣíbí kékeré mọ́ ìwé. Tí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 3, ẹ yẹ̀ é wò dáadáa: ohun tó bá lè wọ inú ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 31.7, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré wò, lè há ọmọ lọ́fun.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, ọmọ tí ò tíì pé 2, ẹ ra onílẹ̀kùn lórí páálí. Láàárín 2 àti 5, oníráìmù ni, ẹ̀yìn líle tó bá ṣeé ṣe, torí ẹ máa kà á títí á fi sú yín. Elérò lè dúró de ọjọ́ ìbí ọdún kẹfà. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ méjì ló máa jọ lò ó, ẹ̀gbọ́n á máa sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà kí àbúrò tó la ẹnu, ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ kíkà, kí àbúrò máa wá a.