Bàbá oníwèé àlòkù tó wà ní Ṣàpọ́n

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, Ṣàpọ́n ni mò ń gbà lọ. Bàbá kan ń ta ìwé àlòkù níbẹ̀ lábẹ́ agbòjò ńlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé ìtàn, ẹ yà síbẹ̀.

Bàbá yìí máa ń ka ohun tó ń tà. Mo ní ìtàn tí obìnrin kọ ni mò ń wá, tí kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan. Ó ní, "Ìyá aládìrẹ, ṣé ẹ ò ní kọ ti òṣèlú?" Ló bá fa South Riding ti Winifred Holtby, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ nísàlẹ̀ òkìtì. Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ náírà ló pè é, mo ná an títí ó fi gba ₦1,800.

Ọdún 1936 ni ìwé náà jáde, Holtby ti kú lẹ́ni ọdún 37 kó tó jáde. Ọdún 1928 ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìbò bíi ti ọkùnrin, káńsù ni òun sì fi ṣe ìtàn. Apá mẹ́jọ ló pín in sí, orúkọ ìgbìmọ̀ káńsù ló sì fún apá kọ̀ọ̀kan: ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti afárá, ìlera, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní káńsù ní Yorkshire, kò sì fẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá.

Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀, Lydia Holly. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n ní kó fi ilé ìwé sílẹ̀ kó wá máa tọ́jú àwọn àbúrò. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe yọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní ilé ìwé, kó lè máa pọ̀n wá nígbà tí ìyá wa bá wà nídìí aró.

Èkejì tí mo rà ni Second-Class Citizen ti Buchi Emecheta, tó jáde ní 1974. Èkó ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ ọ́. Adah, tí ìtàn náà dá lé, yọ́ lọ sí ilé ìwé fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, làwọn ọlọ́pàá bá fi dandan mú ìyá rẹ̀ mu gààrí ọ̀pọ̀n kan nítorí pé kò mójú tó ọmọ. Mo ka ibẹ̀ sókè ní ìsọ̀ wa. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ Adah ti dáná sun ìwé tó fọwọ́ kọ, gbogbo ìsọ̀ dákẹ́.

Ìyá ìyá mi bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1949. Òun ni mò ń rántí ní gbogbo ojú ìwé méjèèjì.

Ìkùnà Bàbá kò ju méjì lọ. Kò ní POS, owó lọ́wọ́ tàbí tiransífà ni. Ojú ìwé mẹ́fà sì ti já kúrò nínú South Riding mi. Mo gbé e padà lọ fi hàn án, ó dá ₦500 padà fún mi láìjiyàn, ó ní kí n ṣì máa ka èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ti gba nọ́ńbà mi. Bí òmíràn tó pé bá ti dé láti Ìbàdàn, á pè mí.