Decanter olórùka mẹ́ta: Waterford 1790 kọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó ni

Olùtà pe ìgò ọtí yìí ní Waterford ọdún 1790. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Waterford, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dígí ní Ireland, ṣiṣẹ́ láti 1783 títí di 1851, àwọn kan nínú ìgò wọn sì ní “Penrose Waterford” tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí. Èyí kò ní. Ìrísí rẹ̀ ló jẹ́rìí: èjìká fífẹ̀, òrùka mẹ́ta lọ́rùn, ọmọrí bí olú. Irú rẹ̀ gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland láàárín nǹkan bí 1790 sí 1820. Gígé ara rẹ̀ jìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí, nítorí náà apá ìgbẹ̀yìn sáà yẹn la fi í sí.

Ẹ dojú ìgò dé. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lórí ọ̀pá irin tí wọ́n fi dì í mú nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni wọ́n ti lọ̀ dán. Ibi tó ń kan tábìlì ní àpá tín-tìn-tín tó gba ọ̀nà gbogbo. Ti ayédèrú tí wọ́n fi sánpépà ha máa ń dojú kọ ìhà kan ṣoṣo.

Ọrùn ni ọ̀rọ̀ wà. Fàdákà tó yí ẹnu rẹ̀ ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ìbòjú ni: etí ìgò ti ṣẹ́. Àmì ara rẹ̀ ni ìdákọ̀ró (àmì ìlú Birmingham), kìnnìún (àmì fàdákà gidi), àti orí Ọbabìnrin Victoria. Orí ọba jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó ìjọba lórí fàdákà náà, 1890 ni wọ́n sì fòpin sí owó yẹn. Àtúnṣe àtijọ́ gidi nìyẹn, kò bu ìgò náà kù lójú tiwa.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló bà á jẹ́. Lábẹ́ iná UV, ara ìgò tàn ní búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí dígí olójé (tí wọ́n po òjé mọ́) ṣe máa ń ṣe (èyí tí kò ní òjé sábà máa ń yọ àwọ̀ ewé), ṣùgbọ́n ìlà funfun kan yọ lábẹ́ fàdákà. Gọ́ọ̀mù epoxy ni, iṣẹ́ ẹnìkan tó dé lẹ́yìn. Lójú ọ̀sán ó ti ń pọ́n rúsúrúsú. Omi gbígbóná lè mú un rọ̀, ẹ má dán an wò.

Nọ́ńbà kan náà ló yẹ kó wà lára ìgò àti ọmọrí rẹ̀, ṣùgbọ́n 7 ni wọ́n ha sí ọrùn, 11 ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọrí. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: ẹ ti ọmọrí wọlé, ó ń mì.

Inú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ irú ìgò bẹ́ẹ̀, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan máa ń fi òróró pa inú èyí tó ti ṣú.

Ẹ rà á ní iye ìgò tí a tún ṣe, tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ àyálò. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún orúkọ Waterford. Ọtí lè wà nínú rẹ̀ nígbà àsè, kó má sùn síbẹ̀: òjé máa ń yọ wọ inú ọtí.