Chamonix sí Zermatt lórí ski, ọjọ́ 7: ohun tí owó amọ̀nà ń rà gan-an

Haute Route ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó gba orí òkè Alps láti Chamonix ní ilẹ̀ Faransé dé Zermatt ní Switzerland. Ọjọ́ 7, òru 6, amọ̀nà kan fún èèyàn 6. Ẹni tó bá rò pé oúnjẹ àti ibùsùn ni òun ń sanwó fún kò tíì mọ ohun tó rà. Ọ̀nà wà lórí máàpù, ẹnikẹ́ni sì lè gba ibùsùn lórí fóònù. Aago ni amọ̀nà ń tà: ìgbà tó yẹ ká jí, ìgbà tó yẹ ká ti kọjá ibi kan, ìgbà tó yẹ ká padà. Ní ti ìyẹn, amọ̀nà tó kó wa lọ mọṣẹ́ délẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó rán an ni mo ní ẹjọ́ rò lé lórí.

Ní oṣù kẹrin, òtútù òru máa ń mú kí ojú yìnyín dì gbagidi. Bí oòrùn bá yọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí ìlà oòrùn ló ń kọ́kọ́ rọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, omi ti wọnú rẹ̀ lọ, ìgbà yẹn ló ń ya lulẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà ní 30 sí 45 dígírì ló léwu jù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹun àárọ̀ ní aago 5, tí a sì ń wọlé kí aago 1 ọ̀sán tó lù. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, yìnyín kì í dì dáadáa. Láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, amọ̀nà fi ọ̀pá ski gún ilẹ̀ níwájú ilé, ọ̀pá wọlé fọ́ọ́ dé ìdajì, ló bá yọ òkè Rosablanche (3,336 mítà) kúrò nínú ètò. Inú àwọn kan ò dùn. Òun ló tọ̀nà.

Àwọn ilé tí a ń sùn, Argentière, Trient, Mont Fort, Prafleuri, Dix àti Vignettes, ahéré lásán kọ́: ilé ńlá ni wọ́n, ibùsùn lọ rẹrẹ. Oúnjẹ gbóná, ó sì yó ni. Hẹlikópítà ló ń gbé ẹrù lọ sí púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ìgò omi kan lè ju Faransi 10 ti Switzerland lọ; ẹ mú owó pépà dání. Ẹ má retí omi ìwẹ̀. Trient wà ní 3,170 mítà, orí sì máa ń fọ́ ẹni tó bá ti London wá tààrà, ẹ yáa sùn sí Chamonix fún òru 2 ṣáájú.

Ibi tó le? Ẹ̀gbẹ́ kejì Col du Chardonnet (3,323 mítà; col ni ibi tó rẹlẹ̀ láàárín òkè méjì, tí ọ̀nà ń gbà kọjá) dà débi pé okùn ni wọ́n fi ń sọ èèyàn kalẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè Lac des Dix, adágún tí ìdídò Grande Dixence tó ga ní 285 mítà sé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń kọjá, kí yìnyín má baà kó gbogbo wa lọ́wọ́ kan náà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, col 3 la gùn, kí ọ̀nà tó já sábẹ́ òkè Matterhorn.

Skin ló ń ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Awọ tí à ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ski ni: irun rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ó ń jẹ́ kí ski yọ̀ síwájú, kò sì jẹ́ kó padà. Hóró yìnyín díẹ̀ lára gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tó. Láti ìrù ni yóò ti máa ṣí, yìnyín á máa wọbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi já bọ́. Bí ẹ bá bọ́ ọ lórí òkè, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ká a kí gọ́ọ̀mù kọjú sí gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì tì í sínú jákẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, kì í ṣe sínú báàgì. Tó bá ti bàjẹ́, ẹ fi káàdì rọ́bà ha yìnyín kúrò, ẹ nu abẹ́ ski gbẹ, kí ẹ sì fi okùn rọ́bà 2 dì í, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí ìrù.

Ẹjọ́ mi rèé. Ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá lè sọ̀kalẹ̀ dáadáa lórí ski lè wá. Kò sọ̀rọ̀ nípa kick turn, ìyẹn bí a ṣe ń yí ski padà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ẹsẹ̀ apá òkè kọ́kọ́ yí, ara tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ fi gìgísẹ̀ ta ski kejì kíá kí imú rẹ̀ gbé sókè. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n ń jẹ aago gbogbo ẹgbẹ́, aago yìí kan náà sì ni ẹ̀mí wa dúró lé. Wọ́n tún gbàgbé irin eléyín tó ń wọ abẹ́ ski nínú àtòkọ ẹrù. Láàárọ̀, tí yìnyín le bí òkúta, skin nìkan kì í dúró.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, tó ń fọhùn lórí 457 kHz, kì í kúrò lára. Kí fóònù jìnnà sí i ní 20 sẹ̀ǹtímítà, kó sì di 50 bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ náà wáni. Ṣọ́bìrì onírin àti ọ̀pá ìwádìí 240 sẹ̀ǹtímítà náà pọn dandan. Àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ fi ìpara sí abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n, torí oòrùn ń ta padà láti ìsàlẹ̀. Awọ dúdú kò gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bọ́ jígí.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2018, ìjì ká àwọn èèyàn mọ́ lórí ọ̀nà yìí nítòsí òkè Pigne d'Arolla. Ìta ni wọ́n sùn mọ́jú, èèyàn 7 sì kú, nígbà tí Vignettes kò jìnnà sí wọn ju nǹkan bí 550 mítà lọ. Bí amọ̀nà bá ní ká dúró sílé, ẹ má bá a jiyàn.

Ẹni tó bá ń gbé Britain pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen. Òru 2 ní Chamonix àti ọ̀kan ní Argentière ló bọ́ sí ilẹ̀ Faransé, 5 ní Switzerland. Ọ̀dọ̀ àwọn Switzerland ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ ra ìbánigbófò tó dárúkọ ìgbàlà hẹlikópítà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí pépà sínú àpò àyà, torí òtútù máa ń pa bátìrì fóònù.