Jas. tàbí Jos.? Ohun tí FamilySearch ṣe fún mi, àti ibi tó kù sí

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà pé 1884 ni wọ́n bí bàbá tó bí ìyá àgbà mi. Ìyá àgbà fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé ajákọ wọn, ta ni mo jẹ́ tí n óò bá wọn jiyàn? Ìgbà tó yá, mo dúró níwájú òkúta orí sàréè bàbá náà. Ó kú ní 1951, ọmọ ọdún 72. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bí ní 1884, ọmọ ọdún 67 ló máa jẹ́ nígbà náà. Ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ tún wá sọ pé ọmọ ọdún 25 ni ní 1906, èyí tó gbé ìbí rẹ̀ sí 1880 tàbí 1881. Ìwé mẹ́ta, ọjọ́ orí mẹ́ta, ọkùnrin kan. Àbí ọkùnrin méjì ni? Torí James la mọ̀ ọ́n sí nílé, ṣùgbọ́n nínú atọ́ka (àtòjọ orúkọ tí ẹnì kan kà jáde láti inú ìwé àtijọ́) tí mo kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Joseph ni wọ́n pè é.

Iṣẹ́ fáìlì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé tó ń ta ko ìwé kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó máa ń jẹ́ kí n fura ni kí gbogbo ìwé máa gba ti ara wọn láìsí ẹyọ kan tó yapa.

Ohun tí mo bá pàdé lórí ìkànnì àkọ́kọ́ tí mo lò nìyẹn. Ìkànnì asanwó-lọ́dọọdún ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní, ó ṣeé ṣe kí ẹni báyìí jẹ́ bàbá rẹ̀. N óò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á tún gbé òmíràn wá, n óò tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, igi ìdílé mi ti dé ìran kẹjọ, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, àfi ìgbà tí mo rí i pé obìnrin kan nínú wọn ti bímọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo wá ẹni tó kọ ọ́. Igi ìdílé mẹ́rìnlá tí àwọn ẹlòmíràn kọ ló sọ ohun kan náà. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn pátá, wọ́n kọ February ní “Febuary”, r kan ti jábọ́. Ẹnì kan ló ṣàṣìkọ, àwọn mẹ́tàlá tó kù dà á kọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣí ìwé kankan wò. Ẹlẹ́rìí mẹ́rìnlá tí mo rò pé mo ní, ẹyọ kan ni, ẹyọ ọ̀hún ò sì sí níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ Àǹtí mi, ló ní kí n lọ wo FamilySearch, ìkànnì tí èèyàn ti ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mo kọ́kọ́ fura sí ìyẹn náà, mo ń retí ibi tí wọ́n á ti ní kí n mú káàdì báǹkì wá, wọn ò béèrè rẹ̀ títí dòní. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, àwọn tí aráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì, ló ni ín. Ẹ̀sìn wọn ló mú kí ọ̀rọ̀ baba ńlá jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò bi mí ní ẹ̀sìn tèmi nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀. Láti 1894 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó di FamilySearch sílẹ̀ ní Utah, ní Amẹ́ríkà. Ní 1938 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìwé àtijọ́ sórí fíìmù, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, wọ́n sì gbẹ́ inú òkè àpáta kan nítòsí Salt Lake City láti fi kó wọn pamọ́. Nígbà tó fi máa di 2021, wọ́n ti gbé àwọn fíìmù náà, tó tó mílíọ̀nù 2.4, sínú kọ̀ǹpútà tán.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún èmi ni pé mo lè rí ojú-ewé náà gan-an. Atọ́ka jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn rò pé òun kà. Àwòrán ni ìwé. Ìwé ìrìbọmi tí mo ń wá ò tíì wọ inú atọ́ka wọn rárá, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè kọ orúkọ kí ó yọ. Mo ní láti wọ ibi tí wọ́n to fíìmù sí, kí n máa ṣí i ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí Bíbélì ńlá. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ojú mi pọ́n.

Nígbà tí mo débẹ̀, orúkọ mẹ́jọ ló wà lójú-ewé náà, nínú àpótí tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ sílẹ̀, tèmi sì ni ẹkarùn-ún. Akọ̀wé náà kì í kọ orúkọ tán. Wm. ni William lọ́dọ̀ rẹ̀, Chas. ni Charles, Jno. ni John. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń gé James sí Jas., wọ́n sì ń gé Joseph sí Jos., nítorí náà gbogbo ìjà ìdílé wa dúró sórí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Mo fà á tóbi títí ó fi di àbàwọ́n tàdáwà lásán, mo bá dín in kù padà. Mo pa orúkọ tiwa tì, mo lọ ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nínú Mary àti Sarah, lẹ́tà a akọ̀wé yìí kì í pa dé lókè, ó sì máa ń ní ìrù tín-ín-rín kan nísàlẹ̀. Nínú Thomas, lẹ́tà o rẹ̀ pa dé gírígírí, ó sì so kókó kékeré kan sórí kí kálámù tó sún síwájú. Mo padà sí ìlà karùn-ún. Orí rẹ̀ là. Ó nírù. Jas. ni. James.

Ojú-ewé kan náà ló tú ọ̀rọ̀ 1884 palẹ̀. Ọjọ́ 6 Oṣù Keje 1884 ni ó kọ síbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì wà nínú ìwé ajákọ ìyá àgbà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n irú ìwé ìrìbọmi Áńgílíkà tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní 1813 yìí, ẹ wo orí àwọn àpótí rẹ̀: ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá, orúkọ àlùfáà. Kò sí àpótí ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́nmi sí i lórí ni ìdílé mi ti ń pè ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìwé ajákọ àti ìwé ìrìbọmi tí mo kà sí ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, ọ̀kan wo ojú èkejì kọ. (Atọ́ka ìkànnì àkọ́kọ́ kọ ọjọ́ náà ní 6/7/1884, àwọn kan sì kà á sí 7 Oṣù Kẹfà, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. 7 Oṣù Kẹfà ọdún náà bọ́ sí Sátidé. 6 Oṣù Keje bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Kàlẹ́ńdà lásán máa ń yanjú nǹkan.)

Ibi tí mo ti wá ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí, àṣìṣe yìí kò sì kan ẹnikẹ́ni lẹ́yìn èmi. Bí mo ṣe rí i pé James ni wọ́n ṣì kà sí Joseph, orí mi wú. Mo pinnu pé gbogbo Joseph tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé wa ní àgbègbè náà, James tí wọ́n ṣì kà ni. Ojú-ìwé méjì wà lórí FamilySearch, ọ̀kan ti James, ọ̀kan ti Joseph. Mo dà wọ́n pọ̀ di ẹnì kan. Mo pe Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, “Ṣé mo ò ti sọ fún ọ? Bàbá wa àgbà ò ní ọmọ ìyá kankan. Àwọn nìkan ni wọ́n bí.” Gbogbo wa sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwòrán ìwé ìgbéyàwó 1906 tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orúkọ nìkan ni mo ti ń rí nínú atọ́ka tẹ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán, James fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ, J rẹ̀ gùn bí ìwọ̀ ẹja. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹlẹ́rìí ti ń fọwọ́ sí i, akọ̀wé kọ Joseph pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa kan náà, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Inú àyè náà ni ẹnì kan fa àmì X sí, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tàdáwà sì ti ṣàn díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti gbọ̀n. Ẹni tó mọ̀wé kọ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n dúró sínú yàrá kan náà lọ́jọ́ kan náà. Kò sí bí n óò ṣe pe àwọn yẹn ní ẹnì kan.

Orúkọ ìdílé kan náà kò tó láti sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Mo padà sínú ìwé ìrìbọmi, mo tẹ̀ síwájú. Ní 1887, ó jókòó síbẹ̀: Jos., o rẹ̀ pa dé, kókó wà lórí. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, iṣẹ́ bàbá sì ni káfíńtà bíi ti ìjọ́sí.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn FamilySearch nìyí, kì í ṣe ọ̀fẹ́ tó jẹ́. Lójú-ìwé ẹni kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Latest Changes, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Mo wá ọjọ́ tí mo da àwọn bàbá wọ̀nyí pọ̀, mo sì tú wọn ká, James gba tirẹ̀, Joseph gba tirẹ̀. Àpótí kan tún wà tó máa ń bi ọ́ pé kí nìdí tó o fi gbà pé ohun tó o kọ tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ibẹ̀. Èmi máa ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ mẹ́mò: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀, ọdún mélòó lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Lórí ìbí James, mo kọ “nǹkan bí 1879”, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìfi dandan bi mí ní ọjọ́ àti oṣù. Mo ṣàlàyé síbẹ̀ pé òkúta sàréè ló gbé e sí 1878 tàbí 1879, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì sọ iye ọdún fún agbẹ́kùúta. Pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ 25 lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó sì jẹ́ ọmọ ọdún 21. Kò sí ìwé tó lè sọ fún mi bóyá ọkùnrin náà fẹ́ gé ọdún méjì kúrò lórí ara rẹ̀.

Ó ní ibi tó kù sí. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń gùn lórí FamilySearch, nítorí náà ohun tó o bá kọ nípa òkú rẹ, àjèjì lè yí i padà lọ́la. Àwọn tó ṣì wà láàyè nìkan ni wọ́n fi pamọ́. Tẹ ibi tí wọ́n ti lè máa fi ìròyìn àyípadà ránṣẹ́ sí ọ, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ. Àwọn àwòrán kan wà tí kò ní ṣí nílé, àfi kó o lọ sí ibùdó wọn tàbí ilé ìkàwé tó bá wọn ṣe. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ni ìwé ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ tí wọ́n gbé jáde láìpẹ́ yìí dára láti fi ṣọdẹ, àmọ́ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́rìí: Jas. àti Jos. lè rú òun náà lójú.

Wọn kì í ṣe àyẹ̀wò DNA. Àbúrò mi ní ìyẹn ni ìbá yanjú ọ̀rọ̀ kíá. Bóyá. Ṣùgbọ́n èmi àti àtọmọdọ́mọ Joseph tó bá wà ní ìran kan náà pẹ̀lú mi, òbí àwọn bàbá ńlá wa la jọ pín; ìbátan tí àwọn òyìnbó ń pè ní third cousin nìyẹn, nínú irú ìbátan bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan lè má bá ọ dọ́gba níbì kankan tí ẹ̀rọ lè rí. Tí èsì bá ní ẹ ò tan, ìyẹn kò ní pa X tó wà lórí ìwé 1906 rẹ́.

Mo tẹ ojú-ewé ìgbéyàwó náà jáde, mo gbé e lọ fún Àǹtí. Wọ́n bọ dígí sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, àwọn kọ́ ni wọ́n bí nìkan.” Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n fi ìka wọn lé X náà, wọ́n ní, “Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi gbọ̀n báyìí?” Nígbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n ní kí n tẹ òmíràn wá, kí ó tóbi ju èyí lọ.