Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú fuel cell methanol lórí sáìtì: ohun tójú mi rí

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa ẹ̀rọ fuel cell tí mo fi fọ́tò ẹ̀ hàn lóṣù tó kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi methanol, oríṣi ọtí kẹ́míkà kan tí kò ṣeé mu, ṣe iná mànàmáná, ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tá a ti ń lò ó, màá sọ èyí tó dáa nínú ẹ̀, màá sì sọ èyí tó fojú mi rí màbo. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é o, ẹ má wulẹ̀ béèrè, torí ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yẹn, ọwọ́ ara wa la fi fà á.

Iṣẹ́ tá à ń ṣe ni pé a máa ń gbé táwà kámẹ́rà lọ sí sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́lé, lápá àríwá England níbí, níbi tí iná ò tíì dé. Kámẹ́rà mẹ́rin, ráútà kan, àti àpótí kékeré tó ń gba fídíò sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ju nǹkan bíi watt 35 lọ. Gílóòbù ayé àtijọ́ kan ṣoṣo ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru, torí òru gan-an làwọn tó ń jí wáyà kọ́pà ń wá. Tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ díísù la fi ń gbé e, ẹ̀rọ tó lè gbé odindi ilé là ń tàn nítorí watt 35, ó ń jó epo lásán, ó ń pariwo, àwọn aládùúgbò ò sùn, àwọn olè tún ń fa díísù inú ẹ̀ lọ. Sólà nìkan ńkọ́? Nígbà ooru, kò sí wàhálà rárá. Tó bá di Díséńbà, oòrùn á yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀, ìkùukùu sì máa bo ìwọ̀nba tó yọ náà mọ́lẹ̀. Bátìrì máa kú ni.

Ìdí nìyẹn tá a fi ra fuel cell. Ó tó àpótí ìrìnnà kékeré, ó ń mú nǹkan bíi watt 80 jáde, ariwo ẹ̀ ò ju ti fíríìjì lọ. Wọ́n máa ń so kẹ́ẹ̀gì methanol lítà 28 mọ́ ọn. Kò sí iná tó ń jó nínú ẹ̀, kò sí písítìnì. Methanol àti omi máa gba apá kan, afẹ́fẹ́ máa gba apá kejì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín tí wọ́n fi irin olówó ńlá méjì, platinum àti ruthenium, pa lára, ibẹ̀ ni methanol ti ń tú ká, ohun tó lè gba inú awọ yẹn kọjá máa kọjá, èyí tí ò lè kọjá máa gba ojú wáyà, èyí tó gba ojú wáyà yẹn niná tá à ń lò. Carbon dioxide díẹ̀, omi, àti ooru ló ń jáde nídìí ẹ̀. Ẹyọ cell kan ò lè mú ju bí ìdajì volt lọ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ bí ẹni to páálí lé ara wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé methanol inú kẹ́ẹ̀gì ò ní omi nínú rárá, àmọ́ ẹ̀rọ náà kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Tó bá le jù, á gba inú awọ yẹn já sí òdìkejì, á kàn ṣòfò síbẹ̀, iná á tún lọ sílẹ̀. Torí náà ó máa ń fi omi tóun fúnra ẹ̀ ṣe là á títí á fi ṣẹ́ ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, pọ́ǹpù kékeré kan á máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀, fáànù á máa wo ooru, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ló ń darí gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní rí ìkankan nínú ẹ̀ níta o, ẹ kàn máa gbọ́ pọ́ǹpù yẹn tó ń dún tí, tí, tí.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: ṣájà bátìrì ni ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Bátìrì ló ń gbé kámẹ́rà. Fuel cell kàn ń ṣọ́ bátìrì ni, tó bá rí i pé volt ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ibi tá a sọ fún un, á tan ara ẹ̀, tó bá kún, á pa ara ẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn á ra ẹ̀rọ olówó ńlá, á sì máa bú u.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Watt 35 fún wákàtí 24 jẹ́ yúníìtì iná 0.84 lójúmọ́. Yúníìtì kan ń jẹ methanol bíi lítà 0.9, torí náà bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà là ń lò lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì kan á gbé wa fún bí ọjọ́ 37 láìsí oòrùn kankan. Nígbà ooru, sólà tá a fi kún un ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan lè wà níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún láì dín. Tẹ́lẹ̀ mọ́tò wa ń lọ rọ díísù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ní báyìí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń débẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹn wọ́n o, àmọ́ owó mọ́tò àti owó òṣìṣẹ́ tá à ń ná tẹ́lẹ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí. Táwà kejì tá a kọ́kọ́ tò, àwa fúnra wa la tò ó ní ṣọ́ọ̀bù. A gbé fuel cell sí apá kan, bátìrì sí apá kejì kí táwà má bàa fì, mítà márùn-ún ló wà láàárín wọn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní 2.5 (mm²) ló wà nílẹ̀, la bá fà á. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin Yorùbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí láti sáìtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ti tún pa ara ẹ̀ o."

"Ìgbà kelòó lónìí?"

"Ìgbà kọkànlá nìyí, mo sì wọn bátìrì, kò tíì kún rárá."

Mo ti fẹ́ dá ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á. Ìgbà tí mo débẹ̀ tí mo ki mítà bọ ìdí ẹ̀rọ, 14.2 volt, mo rìn lọ sídìí bátìrì, 13.75. Mo dúró síbẹ̀, ojú tì mí. Iná bí ampere mẹ́fà ló ń gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ àti bọ̀, mítà mẹ́wàá lápapọ̀, wáyà ló ń jẹ bí ìdajì volt sí ọ̀nà. Ẹ̀rọ rò pé bátìrì ti kún, ó pa ara ẹ̀, volt já wálẹ̀, ó tún tan. Bẹ́ẹ̀, wáyà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ méjì kan bá ẹ̀rọ yìí wá látilé iṣẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n lọ wo volt lórí bátìrì gan-an, a ò sì so wọ́n mọ́ ibì kankan, a ká wọn a fi téèpù lẹ̀ wọ́n. Mo pààrọ̀ wáyà sí èyí tó nípọn, 10 (mm²), mo so àwọn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn mọ́ orí bátìrì, láti ọjọ́ yẹn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń tan. Títan àti pípa léraléra yẹn sì ń gbó stack o, ìyẹn àwọn cell tí wọ́n tò lé ara wọn yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ ẹ́ níyà láìmọ̀.

Tẹ́ ẹ bá lo bátìrì lithium, ẹ má fi sẹ́tìn tó bá a wá látilé iṣẹ́ sílẹ̀. Tiwa kọ́kọ́ wà ní 12.3 volt pé kó tan, ìyẹn dáa fún bátìrì olójé, àmọ́ volt lithium kì í fẹ́ẹ́ yí padà, ó lè wà lókè 13 títí á fi kù díẹ̀ kó tán, kó tó wá dé 12.3 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. A gbé tiwa sókè sí 12.9.

Òtútù wá ni ọ̀tá ẹ̀ gan-an. Omi wà nínú ẹ̀, tí omi yẹn bá dì, awọ inú ẹ̀ á ya, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí òtútù bá ti ń sún mọ́ òdo á tan ara ẹ̀ láti móoru, kódà kí bátìrì kún. Torí náà ẹ ò gbọdọ̀ yọ kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ nígbà òtútù láéláé. Èmi ò yọ ọ́ o, síbẹ̀ òtútù dá ẹ̀rọ náà dúró mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì Kérésì. Àmì pupa yọ lórí fóònù mi laago mẹ́ta òru, mo wa mọ́tò lọ. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé róbà tí carbon dioxide àti omi ẹ̀ ń gbà jáde ti tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀, omi ti dúró síbi tó tẹ̀ yẹn ó sì ti di yìnyín, ó funfun, ó nípọn bí àtàńpàkò mi, ó dí pátápátá. Mo yọ róbà, mo da omi gbígbóná inú fúlásíkì tí mo fẹ́ fi po tíì sí i, yìnyín yẹn yọ́ bọ́ sílẹ̀ lódindi. Mo gé róbà kúrú, mo sì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ tààrà sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn náà, mo tún gbọ́ pọ́ǹpù, tí, tí, tí.

Oníbàárà kan bi wá pé ṣé a ò lè lo fuel cell tó ń lo gáàsì hydrogen dípò methanol. Sílíńdà hydrogen ńlá kan, lítà 50 tí wọ́n fún dé bar 200, gáàsì inú ẹ̀ ò tó kílò kan, iná tẹ́ ẹ máa rí nínú ẹ̀ ò lè ju yúníìtì 11 tàbí 12 lọ, irin ẹ̀ nìkan sì wúwo tó èèyàn. Kẹ́ẹ̀gì methanol lítà 28, bíi kílò 22 ni, yúníìtì 31. Èmi ni mò ń gbé e kọjá nínú ẹrẹ̀, mo mọ èyí tí mo fẹ́.

Àmọ́ methanol, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ sáìtì kan rí omi tó ń kán nídìí róbà, ó bi mí bóyá ó ṣeé mu, torí ó ti gbọ́ pé àwọn tó lọ sójú òṣùpá nínú Apollo ń mu omi fuel cell wọn. Òótọ́ ni, wọ́n mu ún, àmọ́ hydrogen àti oxygen nìkan ni tiwọn ń lò. Ti methanol yìí, ẹ má fẹnu kàn án. Ìlú ìyá mi ò jìnnà sí Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ lójijì, orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti lọ. Àwọn kan ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún èèyàn, ọtí ló jọ. Inú ara èèyàn ló ti ń di májèlé tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Mi ò lè gbàgbé ohùn ìyá mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì tiwa fi ń wà nínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹnì kan tún gbà wá nímọ̀ràn pé ká lọ ra methanol olówó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, mo ní rárá, ìwọ̀nba iyọ̀ tàbí ìpẹtà díẹ̀ tó bá wà nínú ẹ̀ á ba platinum àti awọ yẹn jẹ́, kò sì ṣeé fọ̀.

Àbúrò mi ní Àkúrẹ́ ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Mo sọ fún un pé watt 80 ò lè gbé fíríìjì ẹ̀ pẹ̀lú fáànù, ooru tó bá kọjá 40 nínú àpótí máa ń jẹ́ kí agbára ẹ̀ lọ sílẹ̀, omi inú ẹ̀ á tún máa gbẹ, oòrùn Àkúrẹ́ sì ń bẹ lójoojúmọ́. Kó fi owó yẹn ra sólà àti lithium.

Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa ti ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 4,000. Watt 80 ìbẹ̀rẹ̀ ti di 71, mo wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣì ju ohun tí kámẹ́rà ń jẹ lọ ní ìlọ́po méjì, mo ti pààrọ̀ róbà ẹ̀ sí tuntun, ó ti wà nílẹ̀ de Díséńbà.