Ẹ̀wọ̀n kúkúrú àbí ẹ̀wọ̀n gígùn: fáíbà wo ni ká fún bakitéríà inú ìfun?

Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, èmi kì í jẹ àlùbọ́sà tútù lálẹ́, ikùn mi á máa kùn ṣáá." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Àlùbọ́sà ní fáíbà tí wọ́n ń pè ní FOS: ṣúgà kéékèèké tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí kì í sábà ju ẹyọ mẹ́wàá lọ. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni inulin tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ chicory, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ lè tó 60. Ìfun kékeré wa kò lè da ìkankan nínú wọn. Wọ́n á dé ìfun ńlá láìyingin.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti yapa. FOS, ẹ̀wọ̀n kúkúrú, yá jẹ. Bakitéríà, pàápàá Bifidobacterium, á ti jẹ ẹ́ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, wọ́n á bí sí i, wọ́n á sì máa tú ásíìdì tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò burúkú ráyè gbilẹ̀. Gáàsì náà kì í pẹ́ dé (ohun tó ń yọ ìyá wa lẹ́nu nìyẹn). Inulin, ẹ̀wọ̀n gígùn, ń rọra lọ ní tirẹ̀, ó ń jìnnà, bakitéríà ìsàlẹ̀ ìfun ńlá náà á sì rí jẹ.

Ní tèmi, n kò ní ra ìyẹ̀fun inulin olówó gọbọi nígbà tí àlùbọ́sà wà. Ẹ sè é; FOS rẹ̀ á yọ́ sínú ọbẹ̀, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù.